Bàálù Ojú Omi Tó Rì

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà ní Peckham nílùú òyìnbó. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tí kò sí mọ́, kó sì kà á sókè.

Mo mọ ẹni tí màá bi. Òyìnbó àgbàlagbà kan wà ní Brockley tí mo ń lọ tọ́jú láràárọ̀. Káfíńtà ni bàbá wọn, nílé iṣẹ́ kan tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kan bàálù ojú omi: ó ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ rí bí ọkọ̀ ojú omi, orí omi ló ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ló ń bà sí.

Wọ́n sọ ìtàn náà fún mi, wọ́n sì ní, “Kọ ọ́ dáadáa. Tí mo bá kú, kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ kà á fún wọn. Wọ́n béèrè pé:

“Èyí tó rì ńkọ́?”

Bàálù àkọ́kọ́ tí bàbá wọn bá ilé iṣẹ́ náà kàn, omi gba àárín pákó wọlé, ó sì rì lójú àwọn tó wá wòran. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mo kọ.

“Ẹ má bínú, sà. Nílé wa, a kì í sọ àléébù òkú.”

“Àléébù kẹ̀? Rírì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fi wáyà bàbà rán pákó pọ̀ bí aṣọ! Èyí tí wọ́n rán ò rì. O ti sọ bàbá mi di áńgẹ́lì. Kí ni áńgẹ́lì fẹ́ fi bàálù ṣe?”

Mo dá rírì náà padà sínú ìtàn náà.

Ní kíláàsì, mo kà á sókè. Nígbà tí mo dé ibi tó ti rì, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Aunty kan ní, “Uncle, ṣé wọ́n rán pákó lóòótọ́?”

“Wọ́n rán an.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wọ bàtà fún bàbá Òyìnbó náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n sọ ibi tí àwọn ará kíláàsì ti rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá wò mí.

“Ìyàwó rẹ tó kú ńkọ́? Ọjọ́ gbogbo lò ń sọ pé èèyàn dáadáa ni.”

Mo so okùn bàtà náà tán.

“Ìrẹsì máa ń jóná mọ́ ọn lọ́wọ́,” mo ní. “Á ní sítóòfù ló burú.”

Wọ́n na ẹsẹ̀ kejì sí mi. “Máa bá a lọ.”