Ẹsẹ̀ Tí A Nà Dí Ẹnu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá ìwọ́de a máa so èso, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń wọ́de. Mo ti fa tajútajú símú ní Lókòja, mo ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọkọ mi ló ń gbé oúnjẹ wá. Kò sí èyí tó dùn mí tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sì tíì pẹ́ rárá. Ọdún kejì tí a kò rójú lọ sóko ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ebu iṣu ti ń hù nílé, kò sì sí ẹni tó láyà láti gbé e lọ gbìn.

Òkè-Ìrókò ni abúlé wa, lẹ́yìn Kàbà. Oko wa wà ní òdìkejì odò, ìjà àwa àti àwọn darandaran ló sì lé wa kúrò níbẹ̀. Màlúù jẹ ọkà, ẹnìkan ṣá màlúù, ìbọn dé, a sin òkú, àwọn náà sin òkú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọdá odò, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ebi wá wọlé tì wá. Àwa tí à ń ta gààrí fún ará Lókòja tẹ́lẹ̀, àwa náà la wá ń ra gààrí.

Màmá Ráfátù, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Súlè lorúkọ rẹ̀. Láràárọ̀ ni Súlè ń mú àdá, láràárọ̀ sì ni ìyá rẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ṣé kí n jókòó kí ebi pa wá ni?"

"Ebi kì í yìnbọn, Súlè. Jókòó."

Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ń fẹ́ láyé ni kí ọ̀nà odò ṣí kí ọmọ rẹ̀ tó fi agídí sọdá.

Ìgbà yẹn la gbọ́ pé Ilé Ìlàjà ń bọ̀ wá ṣèpàdé lórí ìjà wa ní gbọ̀ngàn ìlú Kàbà. Bí àwa ṣe ń pè é nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ni tí ìjọba ń fi owó ìlú gbé ró, pé kó máa wá àlàáfíà láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń kọ́ àwọn ológun tó ń lọ pẹ̀tù síjà nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á jókòó ti àwọn ọ̀tá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á gbọ́ ohun tó ń ba oníkálukú lẹ́rù, kí wọ́n tó kó wọn sídìí tábìlì kan. Mi ò ní purọ́, iṣẹ́ ńlá ni, inú mi sì dùn. Mo ní ẹni tó làjà láàárín orílẹ̀-èdè méjì, kí ni odò kékeré kan máa jẹ́ lójú rẹ̀?

A dé gbọ̀ngàn, wọ́n ní kò sí àyè fún wa. Àwọn ìjòyè, àwọn ará káńsù àti àwọn oníròyìn ni wọ́n pè. Baba Bélò, àgbà àwọn darandaran, tó ti ń bá wa gbé kí n tó wọlé ọkọ, òun náà wà níta lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ gbà mí o! Ìjà olóko àti darandaran ni wọ́n ń parí, kò sí olóko, kò sí darandaran níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Hausa kí wa. Ó ní ògbufọ̀ wa lòun, torí wọ́n rí i nínú ìwé pé apá Àríwá la wà.

"Okun o, ọmọ mi," ni Màmá Ráfátù fi kíkí tiwa dá a lóhùn. "Ṣé torí mo da ìborùn borí lo ṣe ń sọ Hausa sí mi? Ọmọ Owé ni mí, Yorùbá Kàbà. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé a wà níta."

Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń sọ bí wọ́n ṣe parí ìjà ní ilẹ̀ yìí, tí wọ́n parí ìjà ní ilẹ̀ tọ̀hún. Baba Bélò sún mọ́ mi.

"Tíṣà, etí odò ni kí wọ́n wá. Àwọn ọmọ wa tó ń da màlúù nínú igbó kò ní gba ọ̀rọ̀ tí wọn kò sí níbẹ̀. Bí ìjọba bá dúró láàárín, màá pè wọ́n jáde."

Òótọ́ ló sọ. Lábúlé wa, ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ la ti ń parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì á bu omi odò kan náà mu lójú ara wọn. Mo bá sọ fún àwọn obìnrin abúlé wa tí a jọ wá pé ká jókòó. A jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a na ẹsẹ̀ wa dí i pátápátá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ta ló jẹ́ gbé ẹsẹ̀ ré ẹsẹ̀ ìyá àgbà kọjá?

Ọlọ́pàá kan pariwo pé ká dìde, ọ̀gá fẹ́ máa lọ.

"Gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá," ni Màmá Ráfátù wí, "tó o bá délé, sọ fún ìyá rẹ pé o ṣe é."

Ọlọ́pàá náà fà sẹ́yìn. Ọ̀gá Ilé Ìlàjà fúnra rẹ̀ wá dé, Yorùbá ni, ó wọ kóòtù dúdú.

"Ẹ̀yin màmá mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Tẹ̀lé wa lọ sódò."

"Màmá, wọ́n ń retí mi ní Àbújá. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi fúnra mi á wá."

"Gbogbo yín náà lẹ máa ń wá lọ́jọ́ Ajé," ni mo wí, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín.

Ó wo ilẹ̀, ó wò wá, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó fi ìyá tó bí i búra. Àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò.

Màmá Ráfátù ló kọ́kọ́ ká ẹsẹ̀. "Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fúnni, a kì í sọ pé kó máa wà nílẹ̀. Dìde, Ọlọ́run á mú ẹ dé Ajé."

Gbogbo wa ká ẹsẹ̀, ó sì kọjá. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Àwa la ń pa á lówe, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lójú wa, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tó tún búra ti parí ọ̀rọ̀. Lójú tiẹ̀, ọ̀nà àtijáde nínú gbọ̀ngàn ni.

Nígbà tí Ajé dé, Màmá Ráfátù fúnra rẹ̀ ló mú àdá lé Súlè lọ́wọ́. Ó fún un ní igbá tí wọ́n máa fi bu omi ìlàjà. "Lọ ṣán etí odò fún wọn kí wọ́n lè ríbi jókòó. Ìjọba ń bọ̀ lónìí." Súlè ń fò fáyọ̀ lọ. Àwa àti Baba Bélò dúró lójú títì, à ń wo ọ̀nà. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa títí, kò wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, a gbọ́ ìró ìbọn.

Igbá yẹn la bá létí odò, àti ibi tí Súlè ṣán dé. A kò rí Súlè. Baba Bélò wọ inú igbó lọ, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ń ké pe àwọn ọmọ tiẹ̀ náà. Nígbà tó padà, kò lè wo ojú ìyá ọmọ.

"Wọn kò mọ̀ pé àlàáfíà ń bọ̀," ló wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn."

Ọmọ-ọmọ mi ló fi ọ̀gá hàn mí lórí fóònù lẹ́yìn náà. Ilẹ̀ òkèèrè ló wà lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó ń kọ́ àwọn òyìnbó bí a ṣe ń làjà. Fọ́tò ẹsẹ̀ wa ló gbé sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ìyá Kàbà fi ayọ̀ gba àlàáfíà. Mo pariwo débi pé fóònù já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn wọ̀nyí kò kó kiní kan kúrò nílé.

Ẹ ní kí n sọ èso tí a jẹ. A jẹ ìjókòó nínú gbọ̀ngàn: wọ́n ti ń pe olóko, wọ́n ti ń pe Baba Bélò, ògbufọ̀ Hausa kò sì wá mọ́. Ohun tí a pàdánù, ẹ ti gbọ́ ọ. Oko ṣì wà níbẹ̀, igbó ti bò ó. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹsẹ̀ ìjọba kan tó tẹ etí odò, gbèsè tí wọ́n jẹ wá nìyẹn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á san án lójú ayé mi, mi ò sì ní tàn yín.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. Màmá Ráfátù kì í sunkún mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á kọjú sí ọ̀nà odò, á na ẹsẹ̀. Láìpẹ́ yìí, Ilé Ìlàjà rán ọmọbìnrin kan wá pè é sí àpèjẹ wọn ní Àbújá. Ọmọ dáadáa ni, orúnkún méjèèjì ló fi kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, má kúnlẹ̀ fún mi," ni Màmá wí. "Ohun kan ni kó o bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Ajé wo ló sọ?"

Ọmọbìnrin náà wò mí bóyá màá bá a dáhùn. Màmá kò ká ẹsẹ̀.