Àbọ̀ Tó Kù Lára Pátákó

Ní ìlú wa, bí inú bá ń run ọ́ láàárọ̀, ìyá ìyàwó rẹ ní òpin ìlú yóò ti gbọ́ kí o tó dé ilé ìgbẹ́. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé á ti gbé oògùn dání wá. Ìgbà tí wọ́n gbé iná tó ń darí ọkọ̀ síbẹ̀, ńṣe làwọn èèyàn wọṣọ àtàtà lọ wo bó ṣe ń pọ́n. Ọkọ̀ mẹ́ta ló dúró fún un lọ́jọ́ náà. Méjì nínú wọn ti bàjẹ́ síbẹ̀ láti àná.

Bàbá Ọlọ́dà ló ń kọ pátákó fún gbogbo wa. Òun ló kọ orúkọ sára gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló ń pa á rẹ́ bí oníṣọ́ọ̀bù bá kó lọ. Ìparẹ́ náà ti wá pọ̀ ju ìkọ̀wé lọ. Ọdọọdún ló sì ń tún pátákó ńlá ẹnu ibodè kùn: "Ẹ KÁÀBỌ̀" lójú kan, "Ó DÀBỌ̀" lójú kejì. "Ẹ KÁÀBỌ̀" kì í ṣá. Ta ló ń wò ó? "Ó DÀBỌ̀" ni ojú àwọn tó ń lọ ti wò títí tó fi ṣá.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọwọ́ ọmọ náà sì gún ju tiẹ̀ lọ. Bàbá kọ "BÀBÁ ỌLỌ́DÀ ÀTI ỌMỌ" sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ tí ọmọ fi ní òun ti ríṣẹ́ sí ìlú ńlá.

"Ẹ̀rọ ló ń tẹ pátákó níbẹ̀, Bàbá mi. Ogún láàárín wákàtí kan!"

"Ṣé ẹ̀rọ náà mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀?"

"Wọn kì í fi àmì sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ó mà ṣe o! Ọmọ mi, níbí, wàá rìn débi iṣẹ́ kí tíì rẹ tó tutù."

"Ibi iṣẹ́ wo, Bàbá?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ máa lọ, Bàbá ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun lè sìn ín dé ibùdókọ̀. Ó gbé àkàbà lọ sídìí pátákó ibodè, ó gùn ún, ó ha ọ̀rọ̀ ojú kejì dànù, ó ń tún un kọ. Bó ṣe kọ "Ó DÀ" tán ni bọ́ọ̀sì yọ. Ọmọ yọrí lójú fèrèsé.

"Bàbá mi, ẹ ò tíì parí ẹ̀ o!"

"Ìgbà wo lo máa padà?"

Bọ́ọ̀sì ti lọ.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó dé agolo ọ̀dà rẹ̀ pa. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá ń fìlú sílẹ̀, ìlú ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé: Ó DÀ?

Lóṣù kẹta, akọ̀wé kánsù dé pẹ̀lú ìbínú.

"Bàbá, àbọ̀ iṣẹ́ lẹ ṣe fún wa! Àbọ̀ tó kù ńkọ́?"

"Àbọ̀ yẹn gan-an lèmi náà ń retí."