Ọmọ Ọba Inú Agolo Àtíkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, mo jẹ́ ọmọ ọba fún nǹkan bí oṣù kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Sóńgò, àdúgbò àwa àlejò, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló jẹ oyè náà pẹ̀lú mi.

Inú agolo àtíkè ni oyè ọ̀hún ti wá. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọjà ló ń tà á. Lára agolo náà, ọmọbìnrin òyìnbó kan jókòó, adé lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, kò ṣe nǹkan kan. Bí àwa ọmọdébìnrin bá ti ń kọjá, bàbá yìí á gbé agolo sókè, á ní, "Ẹni tó bá fi èyí pa ojú, ọmọ ọba ni! Ọmọ ọba kì í ṣiṣẹ́ o!" Mo da ìyá mi láàmú títí ó fi ra ọ̀kan fún mi nígbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lọ ẹ̀wà tí ìyá mi fi ń dín kòsé, ìyẹn àkàrà, mọ́, àfi tí wọ́n bá kígbe mọ́ mi. Tí wọ́n bá ní kí n gbálẹ̀, ìka méjì ni mo fi ń mú ìgbálẹ̀, bí ẹni mú ìrù eku. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tó ti Ìlọrin wá, á gbá mi ní ìdí, á ní, "Ọmọ ọba, ẹ kú ìjókòó o!"

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ìyá mi fi bí ọmọkùnrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi nìkan ló ti bí kí ọmọ yìí tó dé; mo ti tọrọ àbúrò títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nílé wa, ọmọbìnrin tó bá pọn omi ìsọmọlórúkọ wá láti dáàmù, adágún omi ìlú, ló máa gbé ọmọ jáde fún Áfáà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà jìn, orù amọ̀ sì wúwo, síbẹ̀ kò sí ọmọbìnrin tí kì í jà sí i.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, tí Ìyá àgbà na òṣùká sí mi, mo ní ọmọ ọba kì í ru omi. Ẹnu mi ló sọ ọ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Ìyá àgbà ò jà. Ó ní, "Kò burú. Sìkírà á gbé àbúrò rẹ jáde."

Sìkírà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti na ọwọ́. Mo já òṣùká gbà, mo fi ìbínú gbé orù. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ pa àtíkè ná.

Oòrùn Tamale kò mọ ọmọ ọba. Kí n tó dé dáàmù, òógùn ti la ojú mi bí ọ̀nà èèrà. Mo bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Sanatu láti Kukuo, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, nítorí ó ń bá ìyá rẹ̀ mọ ìkòkò. Orù tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Mo fi Haúsá ké sí i pé, "Alámọ̀, rọra o, má da omi rú fún wa!"

Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ló da ìyẹ̀fun sí ọ lójú? Ṣé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ro túwó ni?"

Gbogbo àwọn tó wà létí omi bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ la wà tí àwọn ìyá Dàgọ́ńbà méjì, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Tamale, fi dé, àgbà tó lè bí ìyá mi. Wọ́n gbé ìkòkò wọn sílẹ̀, wọ́n lóṣòó níwájú Sanatu, wọ́n kí i. Ó gba ìkíni wọn, tòun ti amọ̀ lọ́wọ́.

Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tó dé. Ó ní, "O ò mọ̀ ni? Ọmọ ọba Kukuo ni."

"Ọmọ ọba ń ru omi?"

"Ṣé òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ ọba ni?"

Mo bu omi, mo fọ ojú mi títí kò fi ku nǹkan kan níbẹ̀. Mo pọn omi kún orù dé ẹnu. Ẹ sì mọ̀ pé èèyàn kì í dá gbé orù kíkún rù. Mo wò yíká. Sanatu ló sọ tirẹ̀ kalẹ̀, tó wá gbé e rù mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Má wo ilẹ̀. Na ọrùn rẹ."

Mo na ọrùn. Omi ń kán sí mi léjìká, mi ò wo ilẹ̀. Nígbà tí mo délé, Sìkírà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò. Ó ní, "Ọmọ ọba, ṣé o ò tíì fọ́ orù náà?" Mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá àgbà bá mi sọ orù kalẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ọrùn mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Áfáà béèrè ọmọ, èmi ni mo gbé àbúrò mi jáde, láàárín gbogbo àgbà Sóńgò, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Ìyá àgbà kígbe pé, "Ẹ yà fún ọmọ ọba wa!" Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lóde òní, ẹ̀rọ omi wà nínú agbolé wa, mo sì dúpẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé omi rírù dùn. Bèbí onírun góòlù ló kún ṣọ́ọ̀bù báyìí, àwọn ọmọbìnrin mi sì ń sunkún nítorí rẹ̀. Mo máa ń rà á. Lẹ́yìn náà, mo máa ń rán wọn níṣẹ́. Bí mo bá sì ń lọ lọ́jà, àwọn àlejò a máa bi mí pé ààfin wo ni wọ́n ti bí mi tí mo fi ń rìn báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ibi omi ni mo ti kọ́ ọ."