Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Mí Jẹ Mísì Ṣíìfù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé mi jẹ́. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú ṣì máa ń bí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a dijú gbàdúrà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, mo so okùn ẹ̀yìn gáwùn àwọn ọmọbìnrin méjì tó wà níwájú mi pọ̀. Bí a ti ṣe àmín, tí kálukú fẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ gbì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tó kàn: ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn, apá lókè. Tíṣà ń pariwo lé mi lórí pé, “Mísíṣíìfù! Mísíṣíìfù!”

Àwọn ọmọ adúgbò sáré lọ sọ fún ìyá bàbá mi, ẹni tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pé tíṣà ń pè mí ní Mísíṣíìfù. Màmá mọ mísì: obìnrin tó ń kọ́ni níwèé ni. Ó mọ ṣíìfù: ìjòyè ni. Áà, wọ́n ti fi ọmọ òun joyè! Orí ẹja ló bù fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ń jẹ ẹ́, orúnkún ń ta mí, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé èmi pàápàá.

Lásìkò yẹn, bàbá mi fẹ́ mú mi kúrò níléèwé kí n lọ máa bá ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ ní Ìlọra. Màmá kò gbà. Lọ́jọ́ ìkórè tí bàbá mi wá, Màmá dìde láti dúpẹ́.

“Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọmọ mi ti di Mísì Ṣíìfù!”

Àgbà ìjọ kan tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ ní, “Màmá, kì í ṣe oyè o. Ìwà ìkà ni.”

Tíṣà fò dìde. “Ẹ má bínú, Màmá. Ó lè jẹ́ ìwà ìkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ sí ọmọdé, oníwàhálà la ní lọ́kàn.”

Bàbá mi kò dúró gbọ́ ìyẹn. “Ẹ ò rí i? Ìkà ni wọ́n ń kọ́ ọ! Ìlọra yá.”

Màmá kò jókòó. “Wọ́n bú ọmọ mi, mo gbé èébú wọ ilé Ọlọ́run, mo ń fi jó, nítorí pé n kò kàwé. Ṣé bí òun náà yóò ṣe máa ṣe nìyẹn? Kò ní í lọ síbì kankan.”

Bàbá mi nìkan ló padà sí Ìlọra.

Lóde òní, ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú fóònù, síbẹ̀ ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ọmọ-ọmọ mi á jẹ ọbẹ̀ mi tán, wọ́n á ní ó wíkẹ́ẹ̀dì. Ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi sè ló wá di ìkà! Wọ́n ní ó dùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti sú mi. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa: mo mọ bí a ti ń bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí n tó sọ pé ẹ ṣeun.