Omi Kànga Tí Mo Rọ Sínú Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Bàbá Mi

Ṣíììì ló máa ń dún. Bí ẹ bá gbọ́ ọ láti ojú títì, ẹ ó rò pé ejò ńlá kan ló ń bínú lẹ́yìnkùlé wa. Kì í ṣe ejò rárá. Bàbá mi ló lóṣòó ti kọ̀mpírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó fi ń fín ọ̀dà, tó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tù kékeré kan tó wà lábẹ́ ikùn táǹkì, kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣe é, tí iṣẹ́ bá ti parí. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ pariwo, omi pupa bí omi àgbo á wá tú sílẹ̀, bí i ife kan, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn adìyẹ á sì fọ́n ká bí ẹni pé ọlọ́pàá dé.

Mo rántí ọdún yẹn dáadáa, torí ọdún náà ni wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ọdún náà sì ni mo jáde ìwé mẹ́wàá. Nínú nǹkan méjèèjì, ìjáde tèmi ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù fún orílẹ̀-èdè yìí. Èsì ìdánwò kò tíì dé, àmọ́ bíírò mẹ́rin ló wà lápò àyà ẹ̀wù mi, méjì nínú wọn kò kọ̀wé mọ́. Bí mo bá ń rìn, màá rọra yọ àyà síta kí bíírò náà lè ríran.

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè l'Óṣogbo. Ọ̀dà ló ń kùn níbẹ̀. Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, nígbà tí iṣẹ́ sì parí, a kó ẹrù wá sí Iléṣà, a bá ìyá bàbá mi nílé. Yèyé là ń pè é. Yèyé kì í pe iṣẹ́ ní iṣẹ́, uṣẹ́ ló ń pè é, ilé sì ni ulé. Tí èmi bá la ẹnu pẹ̀lú èdè Òṣogbo mi, á wo bàbá mi, á bi í pé ṣé àlejò yìí ti jẹun.

Ohun tó ń ba bàbá mi lẹ́rù ju ikú lọ ni kó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀, tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa kí àwọn tó ń kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ àlòkù kan, tó ń fi ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù ṣiṣẹ́, tó gbé e sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé, tó sì ń fín ọ̀dà sára kẹ̀kẹ́ àti àga àwọn aládùúgbò. Àmọ́ nǹkan kan wà. Kó tó fẹ̀yìn tì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n láàárọ̀. Tó bá fẹ́ mu tíì, kò ní gbé ife náà sókè, orí rẹ̀ ló máa ń gbé lọ bá ife. A rí i, a kò sọ̀rọ̀. Òun náà mọ̀ pé a rí i, kò sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ wá dé láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ìjọ kan ń ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ sì kó bẹ́ẹ̀dì onírin méjìlá ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n funfun kó tó di ọjọ́ Ìsinmi tí wọn yóò ṣí i. Ó ní tí òun bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àwọn kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá mi sọ fún ìyá mi lójú mi pé iṣẹ́ yìí ni òun fi máa mọ̀ bóyá òun ṣì jẹ́ oníṣẹ́. Tí kò bá dára, òun á ta ẹ̀rọ náà, òun á ra àga ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tó fín kẹ̀kẹ́ kan tán, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo láti ra ọ̀dà funfun. Ó ní kí n da omi inú táǹkì nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀, ó ṣe ṣíììì, omi pupa jáde. Ká ní mo dì í padà, tí mo wọlé lọ jẹun ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n oníwèé mẹ́wàá ni mí. Mo dúró, mo fọwọ́ lẹ́rán, mo ronú. Gbogbo awakọ̀ ló ń da omi rédíétọ̀ nù tó bá ti pupa, ṣebí omi tó mọ́ ni wọ́n ń rọ síbẹ̀ padà? Bàbá ń da ti ìdọ̀tí nù lójoojúmọ́, n kò tíì rí i kó rọ tuntun sí i. Mo mi orí. Mo ní àgbà ti dé nìyẹn, bàbá ti ń gbàgbé. Mo tún rántí pé wọ́n máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ńṣe là á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àṣé òwe náà kò mọ irú ọmọ tí yóò bọ́ sọ́wọ́.

Mo fa omi kànga, ààbọ̀ garawa. Mo mú síńgílẹ́ẹ̀tì mi funfun, èyí tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi sẹ́ ẹ kí yanrìn má bàa bá a lọ. Mo rí nọ́ọ̀tù ńlá kan lórí táǹkì, mo tú u. Ewé tí mo já nínú ìwé fisiksi mi ni mo ká bí àrọ, mo sì rọra rọ omi náà wọlé, n kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò. Mo di gbogbo rẹ̀ pa, mo nu táǹkì náà, mo sì sùn bí ẹni tó gba ilé là.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀dà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a to bẹ́ẹ̀dì síta, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó mú gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà náà kọ́kọ́ jáde dáadáa. Nígbà tó yá, ó ń wúkọ́, ó ń tutọ́. Ojú irin tó yẹ kó jọ̀lọ̀ wá rí bí ojú mi lọ́dún yẹn, rorẹ́ ní ìhín, rorẹ́ ní ọ̀hún. Bàbá mi dá iṣẹ́ dúró, ó bi mí bóyá mo da omi táǹkì nù lọ́jọ́ Ajé. Mo ní mo dà á nù, sà. Òótọ́ ni mo sọ. Mo tilẹ̀ lè búra sí i.

Ó gbà mí gbọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe omi, ó fọ gọ́ọ̀nù, ó ṣí páànù ọ̀dà mìíràn, ó gbìyànjú lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Kò yí padà. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú kó má bàa mì, ó fín ẹ̀kẹta. Bákan náà. Ó wá pa ẹ́ńjìnnì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò. Ó ní kí n da omi tó bá wà nínú táǹkì nù, kí n fi tapólì bò ó, pé òun ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà kó wá ẹlòmíràn nígbà tí ọjọ́ ṣì wà. Ó wọlé lọ múra.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Mo dúró níbẹ̀ tí mo ń káàánú bàbá mi, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀.

Omi tú jáde, kò dúró. Kò pupa. Ó mọ́, ó ń hó yẹ́ẹ́, ó ṣàn kọjá lábẹ́ bàtà mi lọ sábẹ́ ògiri. Mo dá a mọ̀, ó ṣe tán, èmi náà ni mo sẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni orí mi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọjọ́ mélòó ni bàbá ti ń da omi nù nínú táǹkì yìí láìrọ òmíràn sí i, tí òmíràn sì ń wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì? Tó bá jẹ́ bí i rédíétọ̀ ni, ṣebí ì bá ti gbẹ tipẹ́. Omi náà ń wá fúnra rẹ̀. Gbogbo wàhálà bàbá ni láti lé e jáde, èmi sì lọ fa ẹbí rẹ̀ wá láti inú kànga.

N kò ní parọ́ fún yín, mo rò ó pé kí n dákẹ́. Ilẹ̀ á fa omi náà mu, n ó fi tapólì bo ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á fín bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Yèyé á sọ ọ́ dé ọjà, oníwèé mẹ́wàá á di ẹni tí àwọn ọmọ kékeré ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo ṣì wà lórí ìyẹn nígbà tí bàbá mi jáde, kóòtù rélùwéè lọ́rùn, fìlà lórí. Ọwọ́ ọ̀tún náà ṣì wà nínú àpò. Ó ń rìn bí ẹni tó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán. Mo dọ̀bálẹ̀ síbi tí mo bá ara mi, inú ẹrọ̀fọ̀ sì ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Mo rọ omi sí i."

"Sí kí ni?"

"Sínú táǹkì, sà. Lẹ́yìn tí mo da ti àkọ́kọ́ nù."

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí kú àárọ̀. "Omi kí ni?"

"Omi kànga, sà. Ààbọ̀ garawa. Mo sẹ́ ẹ kí n tó rọ ọ́."

"O sẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo fi sẹ́ ẹ."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún náà lápò. Mo di ojú, mo mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbátí. Ìgbátí náà kò dé. Nígbà tí mo lajú, ó na ọwọ́ náà síwájú ara rẹ̀, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún.

"Kì í ṣe ọwọ́ mi nígbà náà," ló wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná níbi tí Yèyé ti ń ṣa ẹ̀fọ́. "Màámi, kì í ṣe ọwọ́ mi o. Ọmọ yìí ló rọ omi sí i." Bí ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún ló ṣe sọ ọ́. Yèyé bi í pé ta ló sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó wá yọjú sí mi nínú ẹrọ̀fọ̀, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé uṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ rèé?"

A gbé ẹ̀gbẹ́ kan táǹkì sórí òkúta, a tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ní títú, kí afẹ́fẹ́ lè lé omi dé orí ẹ̀kán tó kẹ́yìn. Bàbá mi ní inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí náà ni omi ti ń wá, pé tí ẹ̀rọ bá ti fún un mọ́ra, á kán sílẹ̀ bí omi abẹ́ ìdérí ìkòkò. Ó ní ta ni mo rò pé ó ń pọn ìrì? Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ṣàlàyé fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní òun rò pé oníwèé mẹ́wàá á mọ̀ ni.

Èmi ni mo fi sáńpépà họ ọ̀dà ara bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta náà kúrò, títí ìka mi fi bó. Lọ́jọ́ kejì, ó fín gbogbo rẹ̀, mo sì fara balẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbọ̀n nígbà tó ń gbé gọ́ọ̀nù, ó gbọ̀n nígbà tó ń bu ọ̀dà, àmọ́ gbàrà tí ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọwọ́ náà á dúró bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a fi lọ́rì kó wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Nọ́ọ̀sì àgbà kò wo ojú bẹ́ẹ̀dì rárá, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra abẹ́ rẹ̀. Ó dìde, ó bi bàbá mi ìgbà tó máa wá kó àwọn kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá mi ní lọ́jọ́ Ajé, mà.

Èsì ìdánwò mi dé lẹ́yìn náà. Fisiksi ni mo ti ṣe dáadáa jù. Yèyé ní kí wọ́n lọ tún un wò.

Ọwọ́ bàbá mi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Nígbẹ̀yìn, ó gbọ̀n débi tí kò lè di gọ́ọ̀nù mú mọ́, kò sì sí omi tí a lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé gọ́ọ̀nù sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wù ú, tó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ tán, tó ń kí àwọn tó ń kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi náà ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà. Mo ti jẹ́wọ́ oríṣiríṣi nǹkan láyé yìí, fún ọ̀gá, fún ìyàwó, fún pásítọ̀, kò sí èyí tó mú inú ẹni tí mo ṣẹ̀ dùn àfi ọ̀kan yẹn. Kì í ṣe omi ni mo máa ń rò mọ́ tí mo bá rántí rẹ̀. Bó ṣe kù díẹ̀ kí n dákẹ́ ni. Bàbá mi ti wọ bàtà tán, ó ti dé fìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú ọ̀nà.