Mo Ń Fún Àpótí Íńtánẹ́ẹ̀tì Nísinmi

Ìyàwó mi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Fídíò kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń bú mi pé mo sun iṣu jóná, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú wa, Ìyèrè, kì í jẹ́ kó ṣí.

Fúnmi, àkọ́bí mi, gbé àpótí kan wá tó ń kọ́ ohun tá a bá wò sórí, kó lè tún ṣí bí kò bá tiẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojoojúmọ́ ló ń gbàgbé!

Lónìí ni Fúnmi ká mi mọ́ ìdí rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ pa á fún?"

"Kó sinmi! Jẹnẹrétọ̀ kì í sinmi ni?"

"Yé! Tẹ́ ẹ bá ti pa á, orí rẹ̀ á ṣófo!"

Ó tàn án, ó fẹ àyè ìrántí rẹ̀, a sì dúró títí fídíò náà fi ṣí. Ìyàwó mi ti bú mi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Ta ló tún ń ṣe bíi tèmi?

Fúnmi, ìwọ lo ni bọ́tìnnì tí mo fi ń pa á yẹn báyìí. Bí mo bá nawọ́ sí i, gbá mi lọ́wọ́.