Òkè Kékeré Ilé Bàbá Lin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti màmá mi ní Peckham nílùú òyìnbó níbí. Ó ti ń wúwo lọ́kàn mi láti ìgbà òtútù tó kọjá.

Ọ̀dọ̀ mi ni Mummy ń gbé. Ọmọ Ìdànrè ni wọ́n, ìlú tí òkè yí ká. Dementia ti mú wọn, òyìnbó tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́ lọ́kàn wọn, Yorùbá nìkan ló kù. Bí ọ̀sán bá ti ń rọ̀ báyìí, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé. Màá ní, "Mummy, ibí náà nilé." Wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń purọ́ fún wọn. Nígbà míì wọ́n á sunkún. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn wa, Mummy já ọwọ́ wọn gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n bọ́ sínú flat tó kọjú sí tiwa. Bàbá Lin ló ń gbé ibẹ̀, àgbàlagbà ará China kan tí ìyàwó wọn ti kú. Wọ́n ń kó ọjà wọlé ni, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Mo sáré tẹ̀ lé Mummy, mo ń tọrọ àforíjì. Mo bá Mummy níwájú tábìlì kékeré kan, wọn ò mira.

Òkè ni wọ́n ń wò. Òkúta tí wọ́n ń pè ní jade ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò sì ga ju odindi iṣu tí wọ́n gbé nàró lọ. Àpáta wà lára rẹ̀, igi wà níbẹ̀, omi ń já bọ́ láti òkè, àtẹ̀gùn ń yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sókè. Ẹnì kan bíńtín ń gun àtẹ̀gùn náà, ó gbé igi ìdáná lé èjìká.

Mummy fi ìka kan ẹni yẹn. "Màmá mi rèé. Wọ́n ń ti oko bọ̀." Wọ́n wá yíjú sí Bàbá Lin. "Àmọ́ kí ló dé tó fi jẹ́ èjìká? Orí ni wọ́n máa fi ń ru igi."

Bàbá Lin ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Wọ́n kàn gbé àga wá fún Mummy.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ọ̀sán èyíkéyìí tí mi ò bá lọ shift, ibẹ̀ la máa wà. Mummy á máa sọ Yorùbá, Bàbá Lin á máa sọ Chinese, àwọn méjèèjì á máa nàka sí òkè. Mummy tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ẹkún ìrọ̀lẹ́ dáwọ́ dúró. Èmi? Orí àga wọn ni mo ti máa ń sun oorun tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí n sùn.

Bàbá Lin fi ìwọ̀nba òyìnbó tí wọ́n gbọ́ ṣàlàyé fún mi pé bàbá wọn ló gbẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ kì í ran òkúta yẹn, yanrìn àti omi ni wọ́n fi ń ha á díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, bàbá wọn ò gé e dànù, ó sọ ọ́ di àpáta tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí. Ọdún tí Bàbá Lin filé sílẹ̀ ni bàbá wọn gbẹ́ ẹni tó ru igi yẹn. Wọ́n ní, "Èmi ni. Bàbá mi fi mí sójú ọ̀nà ilé." Mo sọ fún wọn pé Mummy ní màmá òun ni, síbẹ̀ wọn ò bá Mummy jiyàn rí.

Nígbà tí òtútù le, àìsàn àyà mú Bàbá Lin. Wọ́n gbé wọn lọ sí hospital, wọn ò padà wá mọ́.

Ọmọ wọn ọkùnrin ló wá palẹ̀ ẹrù mọ́, torí council tó ni ilé náà fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, mo ní ṣé Mummy lè wo òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí n má bínú, ẹni tó ń ra ẹrù àtijọ́ ti kó o pọ̀ mọ́ àwọn àga lọ. Ó ní òun rò pé bàbá òun kàn rà á ní ṣọ́ọ̀bù ni.

Ẹ̀yin ará, ṣé ó yẹ kí n dákẹ́? Mo sọ fún un pé bàbá bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, pé bàbá rẹ̀ ló wà lórí àtẹ̀gùn.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó fi fóònù pe ẹni tó kó o. Ẹni yẹn ní òun ti tà á fún èrò ọjà, òun ò mọ ibi tí wọ́n gbé e gbà. Ọmọkùnrin náà bojú. Ó ní bàbá òun ò sọ ọ́ fún òun rí, òun náà ò sì bi wọ́n. Ó bẹ̀ mí pé kí n sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo sọ ọ́ tán láìpẹ́. Kò pọ̀.

Mummy ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn yẹn. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí máa ń fi sùúrù dá wọn padà.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá bi ara mi pé kí lèmi náà mọ̀? Ìyá tó bí màmá mi, mi ò mọ orúkọ wọn. Ní Sunday tó kọjá, mo jókòó síwájú Mummy, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Mummy, kí lorúkọ màmá yín?"

Wọ́n nàka sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá yẹn. Lọ bi wọ́n."

Ẹ̀yin tí àgbà yín ṣì ń rántí, ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ yín máa dilẹ̀. Ẹ bi wọ́n lónìí. Tí ẹ bá sì mọ orúkọ ìyá tó bí ìyá yín, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, kí ẹ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín. Mo fẹ́ kà á.